Owó ìfẹ̀yìntì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ẹ̀tọ́ opó: kí ló yẹ kí àwọn obìnrin wa tètè yẹ̀ wò?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Obìnrin

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, kò sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Lọ́ńdọ̀nù tí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì kì í wọlé, oníkálukú ló sì ní ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìdí ọ̀rọ̀, ẹ bá wa là á, kí n lè kà á sétí àwọn ìyá.

Ìkíní: ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe iṣẹ́ kẹ́à àti iṣẹ́ ìmọ́tótó, wákàtí díẹ̀ níbí, wákàtí díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ṣé wọ́n ń ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún National Insurance, owó tí òṣìṣẹ́ ń dá fún ìjọba kó lè ní ẹ̀tọ́ sí ìfẹ̀yìntì?

Ìkejì: àwọn kan ní bí ọkọ bá ti san tirẹ̀ pé, ìyàwó á jẹ níbẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣì rí?

Ìkẹta, òun ló sì jẹ mí lógún jù: ọ̀kan nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ di opó, ọmọ méjì wà nílé ẹ̀kọ́. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni wọ́n ṣe nílé, wọn ò dé kóòtù. Kí ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀?

Ìkẹrin: ẹni tó bá fẹ́ padà sí Nàìjíríà lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, ṣé owó náà á máa tẹ̀lé e?

Oníṣirò

Ẹ kú iṣẹ́ o, Akọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí n mú ti iṣẹ́ kéékèèké, nítorí ibẹ̀ ni obìnrin ti ń pàdánù ọdún tí wọ́n ń kà fún ìfẹ̀yìntì láìmọ̀.

Rárá, wọn kì í kà á pọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́dún owó orí 2025/26, iṣẹ́ tó bá san tó £125 lọ́sẹ̀ nìkan ló ń wọ inú àkọsílẹ̀ National Insurance yín. Ẹni tí owó rẹ̀ wà láàárín £125 sí £242 lọ́sẹ̀ kò ní san kọ́bọ̀, síbẹ̀ wọ́n á kà á fún un bí ẹni tó san. Ẹ wá wo ẹni tó ń gba £110 lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kẹ́à kan, tó tún ń gba £115 níbi tó ti ń tún ọ́fíìsì ṣe. £225 ló ń mú wálé lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n òfo ni nínú àkọsílẹ̀ ìjọba. Ẹnìkejì rẹ̀ tó ń gba £130 níbì kan ṣoṣo ti rí ọdún tirẹ̀ gbà láìsan nǹkan kan. Èyí kò dára rárá lójú tèmi, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni òfin wí.

Kí ọdún kan tó pé, ní ìṣirò 2025/26, àpapọ̀ owó tí ẹ gbà láwọn ọ̀sẹ̀ tó dé £125 gbọ́dọ̀ tó £6,500 láàárín ọjọ́ 6 oṣù kẹrin sí ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ tí máníjà gé wákàtí yín tí owó sì wá sílẹ̀ sí £90, wọn ò ní ka £90 yẹn rárá. Ìdí nìyí tí ẹni tó rò pé òun ṣiṣẹ́ látòkèdélẹ̀ ọdún fi ń rí «not full» lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún náà.

Àwọn ọ̀nà àbáyọ wà. Bí iṣẹ́ méjèèjì bá jẹ́ ti agbanisíṣẹ́ kan náà, wọ́n gbọ́dọ̀ ro owó rẹ̀ pọ̀. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń san owó oṣù bóyá wọ́n ń ṣe é. Bó bá jẹ́ ti iléeṣẹ́ méjì tí kò bára tan, ẹ gbìyànjú kí wákàtí pọ̀ sí ibì kan títí owó ibẹ̀ á fi kọjá iye ìsàlẹ̀ ọ̀sẹ̀ ti ọdún náà. Ẹni tó ń gba Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, wọ́n ń fún un ní ọdún láìjẹ́ pé ó béèrè. Bó bá jẹ́ pé tọkọtaya jọ béèrè ni, àwọn méjèèjì ló ń rí i. Ẹni tí Child Benefit, owó ìjọba fún títọ́ ọmọ, ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 wà lórúkọ rẹ̀ náà ń rí ọdún gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ, tí ẹ ń dirun, tí ẹ ń se oúnjẹ òde, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, tí èrè yín lọ́dún 2025/26 sì tó £6,845, wọ́n á ka ọdún náà fún yín láìsan Class 2, ìyẹn National Insurance ti ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́. Bí èrè kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ lè fínnúfíndọ̀ san Class 2: ní 2025/26, £3.50 lọ́sẹ̀, £182 fún odidi ọdún. Inú fọ́ọ̀mù owó orí tí wọ́n ń pè ní Self Assessment lẹ ti máa mú un, kí ẹ sì san án kí ọjọ́ 31 oṣù kìíní tó kọjá. Ẹni tí kò ní iṣẹ́ ara rẹ̀, Class 3, èyí tí èèyàn ń fínnúfíndọ̀ san, ló kù fún un: ní 2025/26, £17.75 lọ́sẹ̀, £923 lọ́dún. Ìyàtọ̀ £182 sí £923 kì í ṣe kékeré, nítorí náà ẹ má sáré lọ san Class 3 tí ẹ bá ní ẹ̀tọ́ sí Class 2.

Ṣé Class 3 tilẹ̀ lérè? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì tuntun tó pé jẹ́ £230.25 lọ́sẹ̀ ní 2025/26, ọdún 35 ni wọ́n sì fi ń rí i gbà fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kẹrin 2016. Ọdún kan ń fi bíi £6.58 kún un lọ́sẹ̀, ìyẹn bíi £342 lọ́dún. Ẹni tó san £923 yóò ti gba owó rẹ̀ padà kó tó pé ọdún mẹ́ta tó ti ń gba ìfẹ̀yìntì. Ibi tó ti ṣe pàtàkì jù ni ti ẹni tó ní ọdún mẹ́sàn-án. Ọdún 10 ni òfin ní kó kéré jù. Ọdún mẹ́sàn-án kò mú nǹkan kan wá, òdo ni. Bó bá ra ọdún kan kún un, ó di bíi £65.79 lọ́sẹ̀ títí ayé rẹ̀.

Ọdún owó orí mẹ́fà sẹ́yìn nìkan lẹ lè padà lọ dí. Ààyè tí wọ́n ṣí fún àwọn ọdún láti 2006 ti parí ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2025. Kí ẹ tó san ohunkóhun, ẹ wọ gov.uk, ẹ lọ síbi «Check your State Pension forecast», tàbí kí ẹ lo áàpù HMRC, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba. Á fi hàn yín ọdún tó pé, ọdún tí kò pé, iye tí dídí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ná yín, àti iye tó máa fi kún owó ọ̀sẹ̀ yín.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Oníṣirò, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ yín yè kooro. Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìkejì. «Ọkọ ti san, ìyàwó á jẹ níbẹ̀» jẹ́ òótọ́ nígbà kan. Fún ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yín lónìí, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Láti ìpìlẹ̀ ni ètò yìí ti so obìnrin mọ́ ọkọ. Òfin 1925 ló kọ́kọ́ fún opó ní owó látinú ohun tí ọkọ rẹ̀ dá, ṣílè mẹ́wàá lọ́sẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní 1926. Nígbà tí William Beveridge kọ ìròyìn rẹ̀ lọ́dún 1942, ohun tó gbà lérò ni pé ilé ni abilékọ yóò wà, ọkọ ni yóò máa dá owó fún àwọn méjèèjì. Ètò National Insurance tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù keje 1948 gbé èrò yẹn wọ̀ bí aṣọ. Abilékọ tó ń ṣiṣẹ́ lè yàn láti máa san owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní «small stamp», kó má sì ní owó ìfẹ̀yìntì kankan látinú rẹ̀. Oṣù karùn-ún 1977 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ẹni tuntun, ṣùgbọ́n wọ́n fi àwọn tó ti wà níbẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa bá a lọ. Bí ìyá kan nínú ẹgbẹ́ yín bá ti ń ṣiṣẹ́ níbí ṣáájú 1977, ẹ bi í bóyá ó ti fọwọ́ sí i rí. Ọdún tó bá fi san owó táṣẹ́rẹ́ kò ní hàn bí ọdún tó pé.

Ọjọ́ ìbí ló pín àwọn obìnrin sọ́nà méjì.

Obìnrin tí wọ́n bí ṣáájú ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 1953 wà lábẹ́ ètò àtijọ́. Òun lè jẹ níbi ohun tí ọkọ dá. Bí ọkọ bá wà láàyè, tí òun náà ti ń gba ìfẹ̀yìntì, wọ́n lè gbé tirẹ̀ dé £105.70 lọ́sẹ̀ ní iye ti 2025/26. Bó bá di opó, wọ́n lè fi ọdún ọkọ rọ́pò tirẹ̀ kó fi dé £176.45 tó jẹ́ odidi. Ẹni tó ti kọ ọkọ náà lè lo ọdún ọkọ àtijọ́ náà títí dé ìgbà tí wọ́n pínyà, bí kò bá tíì fẹ́ ẹlòmíì kó tó dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì. Ẹ yẹ àwọn ìyá àgbà wò dáadáa níhìn-ín, nítorí ìjọba fúnra rẹ̀ ti gbà pé wọn ò san owó pé fún ọ̀pọ̀ abilékọ, opó àti ẹni tó ti lé ní ọdún 80, wọ́n sì ti ń tún un ṣe láti 2021. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì ṣáájú ọjọ́ 17 oṣù kẹta 2008 gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ béèrè àfikún náà. Wọn ò ní mú un wá bá a. Ìyá tó bá ń gba £40 tàbí £60 lọ́sẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ sì ti ṣiṣẹ́ pẹ́ níbí, kó pe Pension Service lọ́sẹ̀ yìí.

Obìnrin tí wọ́n bí ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 1953 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ wà lábẹ́ ètò tuntun. Ohun tó dá lórúkọ ara rẹ̀ ló máa jẹ. Ọkọ lè ní ọdún 40, bí ìyàwó bá ní mẹ́jọ, kò sí nǹkan kan fún un. Opó lábẹ́ ètò tuntun lè jogún díẹ̀ nínú owó àfikún tí ọkọ ti kó jọ ṣáájú 2016, bí ìgbéyàwó wọn bá ti wà ṣáájú ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún yẹn. Kì í ṣe gbogbo opó ló ń rí i, kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn lè gbójú lé.

Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ wá kù. Láti 1978 sí 2010, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Home Responsibilities Protection, HRP, tó ń dín iye ọdún tí ìyá gbọ́dọ̀ ní kù. Ṣáájú oṣù karùn-ún 2000, èèyàn lè gba Child Benefit láìkọ nọ́ńbà National Insurance sórí fọ́ọ̀mù. Nítorí bẹ́ẹ̀, owó wọlé fún ìyá, ṣùgbọ́n HRP kò rí orúkọ tí yóò so mọ́. Bí àwọn ọdún tí ẹ fi tọ́ ọmọ láàárín ìgbà yẹn bá ṣófo nínú àkọsílẹ̀, fọ́ọ̀mù CF411 lẹ máa lò, ó wà lórí gov.uk. Ẹni tó ti ń gba ìfẹ̀yìntì náà lè béèrè, àwọn ọmọ sì lè béèrè fún ìyá tó ti kú. Àmọ́ kò sí HRP fún ọdún tí obìnrin fi san «small stamp».

Ẹ tún wo orúkọ tó wà lórí Child Benefit báyìí. Mo ti rí i tó pọ̀ pé orúkọ ọkọ ló wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ ń ṣiṣẹ́ tó ń san National Insurance tirẹ̀, tí ìyàwó sì wà nílé pẹ̀lú ọmọ jòjòló. Ọdún wá ń ṣubú lé ọkọ tí kò nílò rẹ̀. Fọ́ọ̀mù CF411A ni wọ́n fi ń gbé e fún ìyàwó. Àwọn tí owó oṣù ọkọ wọn ga, tí wọ́n ní àwọn ò gba Child Benefit nítorí owó orí, ẹ ṣì kọ fọ́ọ̀mù náà, kí ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́ gba owó. Ọdún yín á máa wọlé bọ̀.

Fún ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ káńsù ẹgbẹ́ mi: bí ìwé owó oṣù yín ṣáájú 2016 bá ní lẹ́tà D lẹ́gbẹ̀ẹ́ National Insurance, ó fi hàn pé ẹ wà lára àwọn tí owó ìfẹ̀yìntì ibi iṣẹ́ gba ipò apá kan ti ìjọba. Wọ́n yọ ìyẹn kúrò nígbà tí wọ́n ń ṣírò ibi tí ẹ dé ní 2016. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè ní ọdún 35 pé kó má sì rí odidi owó ìfẹ̀yìntì tuntun. Kì í ṣe àṣìṣe, ó ní láti ṣe ju ọdún 35 lọ ni.

Agbaninímọ̀ràn Ẹ̀tọ́

Akọ̀wé, ẹ bá wa kí opó náà, kí Ọlọ́run tù ú nínú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gba ìdúró, ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ́ lọ́tọ̀.

Bereavement Support Payment lorúkọ owó tó yẹ kó béèrè. Òun ló rọ́pò owó opó àtijọ́ láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2017. Ẹni tó ní ọmọ tó ń gba Child Benefit fún, tàbí tó lóyún nígbà tí ọkọ kú, yóò gba £3,500 lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà £350 lóṣooṣù fún oṣù 18. Gbogbo rẹ̀ di £9,800. Ẹni tí kò ní ọmọ lọ́wọ́ yóò gba £2,500 àti £100 lóṣooṣù fún oṣù 18, ó di £4,300. Wọn kì í gba owó orí lórí rẹ̀. Bó bá tún fẹ́ ọkọ kí oṣù 18 tó pé, wọ́n á ṣì máa san owó náà fún un.

Ohun tí ọkọ gbọ́dọ̀ ti ṣe kéré ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ọdún owó orí kan ṣoṣo láti 1975 tó fi san National Insurance lórí owó tó tó ìlọ́po 25 iye ìsàlẹ̀ ọ̀sẹ̀ tí Oníṣirò sọ lókè ti tó. Ní ìṣirò 2025/26, £3,125 ni. Ẹni tó ṣiṣẹ́ gidi fún bí oṣù mẹ́fà lọ́dún kan ti kọjá ibẹ̀. Class 3 tí èèyàn fínnúfíndọ̀ san kò wọ inú èyí, Class 1 (ti ẹni tó ń gba owó oṣù) tàbí Class 2 ni. Bó bá jẹ́ ìjàǹbá ibi iṣẹ́ ló pa á, wọn ò ní béèrè ti ìsanwó rárá.

Ti ìyàwó: kó má tíì dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì lọ́jọ́ tí ọkọ kú, kó sì máa gbé níbí. Ọkọ lè ti kú sí Ìbàdàn níbi tó ti lọ sílé, kò ba nǹkan jẹ́ bí ìyàwó bá ń gbé ní Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó ń dun èèyàn ni òdìkejì rẹ̀: ìyàwó tó wà ní Nàìjíríà, tí ọkọ rẹ̀ fi ogún ọdún san owó ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó kú, kò ní rí owó yìí gbà. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tó bá Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ̀wé lórí rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé àṣẹ ìgbélùú dẹ́rù bà á. Owó yìí kò sí lára ohun tí «no recourse to public funds», òfin tó ní kí àwọn àjèjì kan má gba owó ìrànwọ́ ìjọba, dí, nítorí látinú owó tí ọkọ dá ló ti wá.

Àkókò ni ọ̀pọ̀ fi ń pàdánù. Láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ ikú ni kó ti béèrè. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù mẹ́ta sẹ́yìn nìkan ni wọ́n máa ń padà san. Ẹni tó béèrè lóṣù karùn-ún pàdánù owó oṣù méjì, £700 nìyẹn fún ẹni tó ní ọmọ. Lẹ́yìn oṣù 12, owó àkọ́kọ́, £3,500 yẹn, ti lọ. Lẹ́yìn oṣù 21, kò sí nǹkan kan mọ́. Kò sì yẹ kó dúró de ìgbà tí wọ́n bá sin òkú tàbí tí wọ́n bá ṣe ogójì ọjọ́ tán.

Tí ó bá ti fi ikú tó ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ létí, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà Tell Us Once. Nọ́ńbà yẹn ń jẹ́ kí àwọn ọ́fíìsì ìjọba mọ̀ pé ọkọ ti kú, ṣùgbọ́n kì í béèrè owó opó fún un. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè, lórí gov.uk, lórí fóònù, tàbí pẹ̀lú fọ́ọ̀mù BSP1. Kó mú nọ́ńbà National Insurance àwọn méjèèjì, ìwé ẹ̀rí ikú, àkáǹtì báǹkì rẹ̀, àti ẹ̀rí ìgbéyàwó dání. Bí ìwé kan kò bá tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kó béèrè ná, kó fi ìwé náà ránṣẹ́ lẹ́yìn.

Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀ ṣe là á kalẹ̀ jẹ́ ìgbéyàwó lójú òfin Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rí ló kù. Kí ìdílé bá a gba ìwé lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tàbí kóòtù ìbílẹ̀, kí àgbà kan láti ìdílé ọkọ àti ọ̀kan láti ìdílé ìyàwó tí wọ́n wà níbẹ̀ lọ búra ní kóòtù: ọjọ́ wo, ibo ni, ta ló gba owó orí ìyàwó, ta ló dúró fún ọkọ. Àwòrán ọjọ́ náà wúlò. Kí orúkọ tó wà nínú ìwé ìbúra bá ti páàsípọ́ọ̀tù mu. Bó bá jẹ́ orúkọ bàbá ló wà níbì kan, orúkọ ọkọ níbòmíì, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìbúra pé ẹnì kan náà ni.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Obìnrin

Ẹ ṣeun púpọ̀ púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti pè é, ó ń wọ gov.uk lálẹ́ yìí. Ìbéèrè méjì tún yọ. Àwọn kan nínú wa ṣe ìdána níbí, nínú gbọ̀ngàn, wọn ò dé ọ̀dọ̀ registrar, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀. Àwọn míì sì mọ̀ pé ọkọ ní ìyàwó mìíràn nílé. Kí ni òfin sọ?

Agbaninímọ̀ràn Ẹ̀tọ́

Ìdána tí wọ́n ṣe ní gbọ̀ngàn níbí nìkan kì í ṣe ìgbéyàwó lójú òfin ibí, bó ti wù kí alága ìdúró àti alága ìjókòó pọ̀ tó, bó ti wù kí ẹbí gbà á tó. Bí wọ́n bá ṣì wà láàyè, kí wọ́n lọ fọwọ́ sí i ní registry. Bí ọkọ bá ti kú, ọ̀nà kan wà tí kò sí tẹ́lẹ̀: láti ọjọ́ 9 oṣù kejì 2023, àwọn tí wọ́n jọ ń gbé bí tọkọtaya, tí wọ́n sì ní ọmọ, lè gba owó yìí láìjẹ́ pé wọ́n ṣègbéyàwó. Kí opó yín náà fi í sọ́kàn. Bí ẹ̀rí ìgbéyàwó ìbílẹ̀ bá falẹ̀, kó sọ fún wọn pé àwọn jọ ń gbé títí ọjọ́ ikú, ọmọ méjì sì wà, kó fi owó káńsù tàbí ìwé ilé tó ní orúkọ àwọn méjèèjì ṣe ẹ̀rí. Ẹni tí kò bímọ tí kò sì ní ìgbéyàwó tófin mọ̀, kò sí nǹkan fún un. Ó le, ṣùgbọ́n ó sàn kí èèyàn tètè mọ̀.

Ti ìyàwó méjì: bí ọkọ bá kọ́kọ́ ṣe ti kóòtù, ìyàwó kóòtù nìkan ni ìyàwó. Èyí tó fẹ́ lẹ́yìn náà kò dúró lójú òfin, kò sì gba ẹ̀tọ́ ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni méjèèjì, tí àwọn ìyàwó méjèèjì sì wà nípò lọ́jọ́ tó kú, òfin ò ní ka èyíkéyìí nínú wọn fún owó opó. Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ lórí fọ́ọ̀mù. Wọ́n á gba owó náà padà, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá sì lè wọ̀ ọ́.

Bí wọ́n bá kọ̀ fún opó, oṣù kan ló ní láti kọ̀wé fún «mandatory reconsideration», ìyẹn kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá tún kọ̀, oṣù kan mìíràn ló ní láti gbé e lọ sí tribunal, ìgbìmọ̀ onídàájọ́, kò sì ní san owó kankan.

Bàbá Ọlọ́jà Manchester

Ẹ kú ìjókòó o. Mo rí i pé ìkẹrin ti fẹ́ bọ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbé e.

Owó á tẹ̀ lé e dé Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò ní ga mọ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi kún owó ìfẹ̀yìntì fún ẹni tó wà níbí. Ẹni tó bá ń gbé Nàìjíríà, ibi tó wà nígbà tó kúrò tàbí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí gbà á ló máa wà. Ìyá tó lọ sílé ní 2016 pẹ̀lú owó tó pé, £155.65, ṣì ń gba £155.65 títí di òní, nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dúró sí Peckham gba £230.25 ní 2025/26. Ẹni tó lọ sí Jàmáíkà tàbí Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi kún tirẹ̀, nítorí àdéhùn wà. Bí ẹ bá wá kí àwọn ọmọ níbí, ẹ sọ fún International Pension Centre. Wọ́n á san iye tuntun fún àkókò tí ẹ fi wà níbí, á sì tún padà sílẹ̀ tí ẹ bá lọ.

Wọ́n máa ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lókè òkun láti mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè. Ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ẹ dá a padà kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ owó á dúró. Ìfìwéránṣẹ́ nílé kò ṣeé gbára lé, nítorí náà ẹ fún wọn ní àdírẹ́sì tí lẹ́tà ń dé dájúdájú.

Fún ẹni tó ti padà sílé tí ọdún rẹ̀ kò sì pé: ìjọba kéde nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì oṣù kọkànlá 2025 pé láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2026, kò sí Class 2 olówó pọ́ọ́kú fún ẹni tó wà lókè òkun mọ́, Class 3 ló kù, ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gbé níbí tàbí kó ti sanwó níbí fún ọdún 10. Nítorí náà, ẹni tó ní ọdún mẹ́fà tàbí méje, tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́, kó jókòó ṣírò rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ọdún iṣẹ́ ní Nàìjíríà kò ṣe é fi kún ti ibí.

Oníṣirò

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ fi ti àwọn ìyá àgbà kún un, nítorí ó kan ilé púpọ̀.

Bí ìyá àgbà tí kò tíì dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì bá ń bá ọmọ rẹ̀ mójú tó ọmọ-ọmọ tí kò tíì pé 12 níbí, kí òbí lè lọ ṣiṣẹ́, ọdún Child Benefit yẹn lè wá sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Òbí ọmọ gbọ́dọ̀ ti ní ọdún tirẹ̀ pé látinú iṣẹ́, kó sì gbà pé kí wọ́n gbé e. Fọ́ọ̀mù CA9176 ni. Òbí àti ìyá àgbà ló ń fọwọ́ sí i. Ẹ má fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá lẹ́yìn tí ọdún owó orí parí tó pé, wọ́n á kàn dá a padà ni. Ọdún kan ò ju ẹnì kan lọ: bí ìyá àgbà méjì bá ń pín ọmọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ẹ jókòó sọ ẹni tí yóò gbà á kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, 66 ló jẹ́ fún ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 1960. Lẹ́yìn ìyẹn ó ń fi oṣù kọ̀ọ̀kan gùn sí i títí yóò fi di 67 fún ẹni tí wọ́n bí láàárín ọjọ́ 6 oṣù kẹta 1961 sí ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 1977. Owó náà kì í sì í wá fúnra rẹ̀. Bó bá ku oṣù mẹ́rin kí ọjọ́ orí yín pé, ẹ lè béèrè lórí gov.uk. Bí lẹ́tà wọn kò bá dé, ẹ béèrè bẹ́ẹ̀ náà.